Ó Ku Ọ̀kan

Ẹgbẹ̀ta àtẹ̀gùn ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rin:
bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń wí fún àlejò nísàlẹ̀ Òkè Ìdànrè
kí bàtà wọn tó mọ ohun tí ẹnu mi ń sọ.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi wọ́n mọ̀nà,
ará Àkúrẹ́, ará Ọ̀wọ̀, òyìnbó kan tó ní kì í rẹ òun
tó wá jókòó ní ìsinmi kejì bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Ọjọ́ Ẹtì kan, nígbà ọyẹ́,
mo ṣí ìwé àlejò láti mọ iye ẹni tó wọlé.
Nísàlẹ̀ orúkọ gbogbo, ẹnìkan fi báírò pupa kọ ọ́:
"Ó ku ọ̀kan. Wá rí mi."

Kò sí orúkọ. Kò sí nọ́ńbà fóònù.
Mo ní aláwàdà ni.
Ọjọ́ Ẹtì kejì, ó tún kọ ọ́.
Ẹ̀kẹta, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni pé mo jẹ gbèsè.

Mo bi Bàbá Akínṣeéwá tó ń gbowó lẹ́nu géètì.
Ó yọ èèpo gúgúrú léyín, ó wo òkè,
ó ní, "Ojú mi kì í ríran lọ́jọ́ Ẹtì."
Ojú tó ń dá ayédèrú igba náírà mọ̀ láti ẹ̀yìn òpó iná!

Mo wá di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tipátipá.
Mo jí kùtùkùtù, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan,
mo kà á lọ, mo kà á bọ̀,
ọ̀fàfà ń wò mí láti inú pàlàpálá àpáta bí olùbẹ̀wò ilé ìwé.
Kò lé, kò dín.
Mo fura sí Adétìmẹ́hìn, afinimọ̀nà ẹlẹgbẹ́ mi,
ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò mọ ibi tí àmì ń gbé lórí ọ̀rọ̀.
Ẹni tó kọ èyí to àmì rẹ̀
bí ẹni ń to ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú iná lọ.
Mo jókòó sínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ náà sì tanná:
"Wá rí mi."
Ta ní í kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ẹlòmíràn, bí kò ṣe tíṣà?
Tíṣà wo ló bí mi?

Ìyá mi, ọ̀gá àgbà Ọládọyin ti Aládé,
tó máa ń fi báírò pupa fagi lé ìṣirò mi
kí ó tó bu oúnjẹ mi.
Ọjọ́ tí mo fi fọ́ọ̀mù ilé ìwé nọ́ọ̀sì dáná omi ẹ̀bà,
ó ní, "Àpáta lo fẹ́ máa sin àjèjì gùn? Ó dáa.
Má kà mí mọ́ ìyá."
Láti ìgbà náà, mo ń ka àtẹ̀gùn.
N kò ka ìyá.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo fi àlejò lé Adétìmẹ́hìn lọ́wọ́,
mo gba ẹ̀yìn igi kaṣú yọ.
Ó wà níbẹ̀, lórí yanrìn, ó ku ẹsẹ̀ kan kó kan àtẹ̀gùn àkọ́kọ́,
báńdéèjì lórúnkún, fúláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó na etí sókè,
ó ń wá ohùn mi nínú ohùn ẹlòmíràn.

"O pẹ́, Fẹ́yíkẹ́mi." Kò wẹ̀yìn.
"Ẹ ò lè gùn ún," mo ní.
"Ta ló ní kí n gùn ún? Ohùn rẹ máa ń dé ìhín.
Àṣìṣe rẹ náà ń dé."
Ó rọra sún. Ó fi ọwọ́ gbá yanrìn àti ewé kaṣú dànù.
Létí ibi tó jókòó sí, etí òkúta gbígbẹ́ kan yọ,
èyí tí àgbàrá ti sin tipẹ́.
"Oyún rẹ pé oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ mi wú, mo jókòó síbí.
Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà."

N kò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ tàbí kí n bínú.
Mo gba fúláàsì. Tíì náà ti tutù,
ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù, bó ṣe máa ń pọ̀ jù.
Lókè, Adétìmẹ́hìn ń pariwo iye àtẹ̀gùn fún wọn.
Àwa méjèèjì jọ mi orí.